Má Fi Ojú Òjò Fá Ilẹ̀kùn

Inú ilé yín ni mo tún wá bá yín lónìí. Ọ̀rọ̀ tí mo mú lọ́wọ́ wá lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìṣó ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ páànù tí ń jò, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ omi tí ń kán tó, tó, tó lóru. Ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ló kan àlùfáà nínú iṣẹ́ káfíńtà. Ìdáhùn mi ni pé láti ìgbà pípẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ tọkọtaya, díẹ̀ ni ìjà tí mo rí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun ńlá. Ohun kékeré tí a pa tì ni ó máa ń di ńlá mọ́ni lọ́wọ́. Àwọn àgbà kò purọ́ nígbà tí wọ́n wí pé kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú oṣù Keje, tọkọtaya kan wá bá mi. Òjò ti rọ̀ títí, ilẹ̀ sì ti rin gbingbin. Ọkọ ní òun fẹ́ kí ìyàwó òun lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyàwó ní òun ti di ẹrù òun ná, kò sì sí pé fún ìgbà díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo tẹ́tí sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ẹ̀sùn pọ̀ bí ewé, ṣùgbọ́n nígbà tí a tú u títí a fi dé ìdí rẹ̀, ilẹ̀kùn ni a bá níbẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀kùn yàrá wọn kò ti ṣeé tì mọ́. Ìyàwó sọ ọ́ títí. Ọkọ ń dáhùn pé òun ti gbọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí àlejò wà nínú ilé, ìyàwó pariwo lé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà lórí, ọkọ sì dá a lóhùn lójú àlejò pé bí ilé òun kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọ̀nà wà ní ṣíṣí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá wo ilẹ̀kùn náà kí n tó sọ ohunkóhun. Ọkọ wò mí, ó ní, “Fadá, ẹ má bínú, kì í ṣe ilẹ̀kùn ni a ní kí ẹ bá wa wò.”

Mo ní, “Mo mọ̀, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.”

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọkọ ti fi ìbínú yá ìfági lọ́wọ́ káfíńtà àdúgbò. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí etí ilẹ̀kùn, ohun tí ó sì fẹ́ fá kúrò níbẹ̀ tó ìwọ̀n ìka kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbé ìfági sílẹ̀. Káfíńtà ni bàbá tí ó bí mi lọ́mọ. Kò mọ ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ igi bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀. Ohun tí ó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà tí wọ́n bá gbé ilẹ̀kùn wá nínú òjò ni pé, “Ẹ má fi ojú òjò fá ilẹ̀kùn. Ọyẹ́ ń bọ̀.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Igi tí a ti gé, tí a ti là, tí a sì ti fi ṣe ilẹ̀kùn, kò jáwọ́ nínú mímu omi. Nígbà òjò, ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, igi a mu ún, a sì wú. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà a fà á gbẹ, igi a sì sún kì. Fífẹ̀ igi ni ó ń yí padà bẹ́ẹ̀. Gígùn rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn fi ń há ní ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó bá fá a dáadáa nínú oṣù Keje yóò rí i nínú oṣù Kínní pé àlàfo ti wà níbẹ̀ tí ìka lè gbà kọjá, eruku ọyẹ́ yóò máa gba ibẹ̀ wọlé, aláǹgbá pàápàá yóò sì máa yọjú. Igi tí a fá dànù kò ṣeé lẹ̀ padà.

Kí ni kí a wá ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wo irin tí ó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù, èyí tí àwọn káfíńtà ń pè ní híńjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, súkúrù ibẹ̀ ni ó ti tú, ilẹ̀kùn a sì wọ́ sílẹ̀, a ó máa rò pé igi ni ó wú. Bí ihò súkúrù bá ti fẹ̀ jù, ẹ ki igi ìṣáná tí a fi gọ́ọ̀mù pa lára bọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ tó lọ́ súkúrù padà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa etí ilẹ̀kùn, ẹ tì í, ẹ ṣí i. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti nù kúrò ni ibi tí ó há. Ẹ fi àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ ra ibẹ̀. Bí ó bá di dandan láti fá a, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ fá, kí ó sì fẹ́lẹ́. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ di ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ fi ọ̀dà kun gbogbo etí rẹ̀, pàápàá òkè pátápátá àti ìsàlẹ̀ pátápátá tí ojú kì í tó, nítorí pé ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi jù.

Súkúrù méjì ni a bá tí ó ti tú nínú híńjì òkè ilẹ̀kùn náà. Ìyàwó gbé iná dání, ọkọ ń lọ́ súkúrù, èmi sì ń fi ẹnu ṣiṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àlùfáà. A fi àbẹ́là ra etí rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà dún kìn-ín-rín, ó sì tì. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá sọ fún wọn pé ohun kan náà ni mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n nípa ìgbéyàwó wọn: kí wọ́n má ṣe fi ojú òjò fá a. Mo ní kí wọ́n fún mi di ìgbà ọyẹ́, kí wọ́n sì máa ṣe àwọn nǹkan díẹ̀ kan pọ̀ kí ó tó dé. Àwọn nǹkan náà ni mo fẹ́ kà fún yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí.

Kí ẹ má baà rò pé ẹlòmíràn nìkan ni mo ń bá wí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ àlùfáà, bí mo bá wá sílé fún ìsinmi, mo máa ń jókòó sí ìsọ̀ bàbá mi, mo sì máa ń ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí i létí, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938. Bí ó bá tó àkókò oúnjẹ, bàbá mi a mú pẹ́ńsù tí ó fi ń sàmì sí pákó, a fa ìlà sí ibi tí a kà dé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń fà á sí ara igi tí ó fẹ́ gé. Lẹ́yìn tí ó kú, ìwé náà ni mo mú nínú ogún rẹ̀. Mo tọ́jú rẹ̀ sínú páálí kan ní ilé àlùfáà tí mo ń gbé. Òkè àjà ibẹ̀ ní àbàwọ́n kan tí kò ju àwo oúnjẹ lọ. Òjò ọdún mẹ́ta ni mo fi ń wo àbàwọ́n yìí, tí mo ń sọ pé lọ́la ni. Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, àjà náà ya, omi sì dà sínú páálí. Mo fi àìmọ̀kan sá ìwé náà sí oòrùn, gbogbo ojú ewé rẹ̀ sì lẹ̀ pọ̀, ó le bí ìgànná. Ìlà pẹ́ńsù bàbá mi wà nínú rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣí wò. Nígbà tí káfíńtà gun òkè, ìṣó kan ṣoṣo ni ó bá tí ó ti yọ.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ páànù láti ẹnu ẹni tí ó ti jìyà rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán a mú páànù gbóná, a sì fẹ̀. Òtútù òru a mú kí ó sún kì. Ojoojúmọ́ ni èyí ń fa ìṣó sókè díẹ̀díẹ̀, rọ́bà tí ó wà lábẹ́ orí ìṣó a sì gbó, a sán. Ibi tí omi ti ń kán sílẹ̀ kọ́ ni ibi tí ihò wà. Omi a máa tọ igi òrùlé sọ̀kalẹ̀ kí ó tó kán, nítorí náà, apá òkè ni kí ẹ ti wá ihò náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò àtúnṣe. Ní ọ̀sán gangan, kí ẹnì kan tí ó mọ̀ ọ́n wọ inú àjà láìtan iná. Ibikíbi tí ó bá ti rí oòrùn bí ìràwọ̀, ihò nìyẹn, kí ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Kí ó pààrọ̀ ìṣó àti rọ́bà rẹ̀, kí ó má sì lu ìṣó náà títí páànù yóò fi jìn. Orí ìlà ìṣó ni kí ó máa tẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni igi wà lábẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun páànù tí ó tutù. Bí ilé yín bá sì jẹ́ ti àtijọ́ tí a fi asbestos ṣe àjà rẹ̀, ẹ má ṣe fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má sì fọ́ ọ, nítorí eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ti ẹ̀rọ omi rọrùn jù. Ẹ̀rọ tí ó bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò kán ní ìgbà 86,400 láàárín ọjọ́ kan. Omi garawa kan ni ó ń ṣòfò bẹ́ẹ̀. Rọ́bà kékeré inú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní wáṣà, ni ó sábà máa ń gbó. Ẹ ti omi láti orísun, ẹ ṣí ẹ̀rọ kí èyí tí ó kù nínú rẹ̀ dà, ẹ fi sípánà tú u, ẹ pààrọ̀ wáṣà náà. Ọmọ ọdún méjìlá lè kọ́ ọ ní ọjọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ti iná kì í ṣe eré. Fíúsì jẹ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó lè jó kúrò bí iná bá pọ̀ jù, kí ilé má baà jó. Ẹni tí ó bá fi wáyà nínípọn dípò rẹ̀ ti lé ọlọ́dẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ní ti jẹnẹrétọ̀, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ má ṣe gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí inú ilé ìdáná, tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìbáà jẹ́ nítorí olè. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ tí a fi ń yè, ẹni tí ó sùn a sì ti ojú oorun kọjá lọ. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ìkìlọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń ṣe ẹni méjì nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jáde síta kíákíá kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ wa ni ilẹ̀ ti mọ́ bá nínú ikú nítorí èyí. Ẹni tí olè bá gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ ṣì lè ra òmíràn.

Ní báyìí, bí ilé bá ti dúró, kí ni a ń ṣe nínú rẹ̀? Ohun kejì tí mo ní kí tọkọtaya náà máa ṣe ni ìwé kíkà. Mi ò sọ pé kí wọ́n ka ìwé ńlá. Mo ní kí ọ̀kan máa kà sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ìyókù máa gbọ́, kí wọ́n sì máa gbà á kà ní ìpààrọ̀. Ìwé Yorùbá dára fún èyí, nítorí pé etí ni a kọ ọ̀pọ̀ nínú wọn fún. Ìwé Fágúnwà ń bẹ, ẹni tí ó kú nítòsí Bida ní ọdún 1963. Kúyẹ̀ ń bẹ, tí J. F. Ọdúnjọ kọ, òun náà tí ó fi Aláwíyé kọ́ ìran púpọ̀ ní ìwé. Àwa Yorùbá tí a ń gbé ní apá ìhín yìí, tí àwọn ọmọ wa ń gbọ́ èdè mẹ́ta mẹ́rin ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà yìí ni a lè fi rí i pé èdè ilé kò pòórá lẹ́nu wọn. Bí omi bá sì kan ìwé yín, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ gbé e dúró sí òjìji níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ ki bébà gbígbẹ sí àárín ojú ewé rẹ̀, ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ẹ ní kí ó tó máa hu ewú.

Ohun kẹta ni fíìmù. Nígbà tí fíìmù wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, odindi àdúgbò ni ó máa ń kún yàrá ẹni tí ó ní ẹ̀rọ. Lónìí, olúkúlùkù gbé tirẹ̀ dání nínú fóònù, bàbá níhìn-ín, ìyá lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ lórí ibùsùn. Ilé kan, ìlú márùn-ún. Mi ò bá fóònù jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí a wo ẹyọ kan pọ̀, kí a sì pa ẹ̀rọ lẹ́yìn rẹ̀ kí a sọ̀rọ̀. Ti Olúwa Nilẹ̀, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní ọdún 1993, sọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí àwọn kan tà nítorí owó. Saworoidẹ, tí òun náà gbé jáde ní 1999, jẹ́ ọ̀rọ̀ májẹ̀mú láàárín ọba àti ìlú. Ó Le Kú, tí ó ti inú ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní ọdún 1974 jáde, jẹ́ ti ọ̀dọ́kùnrin tí kò mọ èyí tí yóò fẹ́. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè pé: ta ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀? Níbo ni ó ti ṣeé yí padà? Ẹnu yóò yà yín sí ohun tí wọn yóò sọ, ẹ ó sì mọ ohun tí wọ́n ń rò nípa yín pẹ̀lú.

Ohun kẹrin kò ná wa ní kọ́bọ̀: ìrìn ìrọ̀lẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbàlagbà nímọ̀ràn pé kí ó máa ṣe eré ìdárayá tí kò le jù fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún ti pé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ara nìkan ni mo ṣe sọ ọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni méjì kò lè sọ nígbà tí wọ́n bá dojú kọ ara wọn, tí ó sì rọrùn láti sọ nígbà tí wọ́n bá ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́kọ́ja, ẹ ní ibi ìrìn tí ẹlòmíràn ń wọ ọkọ̀ wá wò. Níbẹ̀ ni Odò Ọya àti Odò Benue ti pàdé, tí a sì lè dúró kí a wo omi méjì tí àwọ̀ wọn kò dọ́gba, tí wọ́n ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n tó di ọ̀kan. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín pé láti ara orúkọ odò yìí ni Flora Shaw ti mú orúkọ Nigeria jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ti London ní oṣù Kínní ọdún 1897. Ẹ fi ibi tí omi dé ní ọdún 2012 àti 2022 hàn wọ́n pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ̀ pé odò kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Bí omi bá sì wọ ilé rí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan iná títí oníṣẹ́ iná yóò fi yẹ gbogbo wáyà wò.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ tọkọtaya wa ti já sí. Ọyẹ́ dé, mo sì lọ kí wọn. Ilẹ̀kùn náà ti sún kì, ó ń tì wẹ́rẹ́, kò sí àlàfo kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mi ò ní parọ́ pé gbogbo nǹkan ti gún régé. Ọkọ kò fẹ́ràn ìwé, ó máa ń sùn kí ojú ewé kejì tó parí. Fíìmù, wọ́n ń jà lórí èyí tí wọn yóò wò. Ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn. Ìyàwó sọ fún mi pé ní ojú ọ̀nà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ni ọkọ òun ti tọrọ àforíjì ohun tí ó sọ lójú àlejò, láìwo ojú òun, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ó ní òun kò dá a lóhùn. Òun kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé ilé.

Ẹ̀yin ará mi, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ wá ohun kan ṣoṣo nínú ilé yín tí ẹ ti ń sọ pé lọ́la ni. Bí ìṣó ni, ẹ kàn án. Bí ọ̀rọ̀ ni, ẹ sọ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ohun tí a kò lè lẹ̀ padà bí a bá gé e, ẹ gbé ìfági sílẹ̀ ná. Ọyẹ́ ń bọ̀. Ó dàárọ̀ o.